Ẹni Tó Jókòó Sórí Òjò Dídì Yẹn Ló Gbọ́n Jù Nínú Wọn

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti wo fídíò ọmọbìnrin kan tó jókòó sílẹ̀ lórí òjò dídì, tó ń sunkún, tí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì gùn lọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí ẹnì kan tí a ò rí ojú rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín kèékèé níbi tó ti ń ká a sílẹ̀. Fídíò yẹn ò ju ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ. Láàárín ọjọ́ méjì, ó ti dé gbogbo kíláàsì SS2, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn SS1, kódà mo gbọ́ pé ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì wa ti wò ó. Wọ́n ti sọ ọmọ náà lórúkọ, "Ìyáàfin Yìnyín." Ní báyìí, tí ẹnì kan bá ń lọ́ra láti dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì, wọ́n á ní kó dìde ńlẹ̀ jàre, kó má ṣe bí Ìyáàfin Yìnyín.

Èmi ni mo kọ́kọ́ fi fídíò náà hàn yín. (Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, lẹ́yìn géètì ni, kì í ṣe nínú ọgbà.) Ẹ̀gbọ́n mi ni ọmọ tó wà níbẹ̀, ọmọ àǹtí mi tó ń gbé ní London, ọdún kan ló fi jù mí lọ. Èmi náà rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú mi. Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e ni òun fúnra rẹ̀ pè mí, tó sọ ohun tí ò sí nínú fídíò fún mi. Mo gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Ó ní kò burú, kí n má ṣáà dárúkọ òun. Èrò tèmi ni pé nínú àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́fà tó lọ sórí òkè yẹn, òun nìkan ló ṣe ohun tó bọ́gbọ́n mu lọ́jọ́ náà, àwọn márùn-ún tó kù ló yẹ ká fi ṣe yẹ̀yẹ́, tó bá jẹ́ pé dandan ni ká fi ẹnì kan ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ lè sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi ni mò ń gbè lẹ́yìn. Ẹ kà á tán ná.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí eré náà ṣe rí, torí pé ohun tí ojú wa ò rí rí la ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Òjò dídì kì í ṣe yìnyín tó máa ń lu páànù wa gbàgbàgbà nígbà òjò àkọ́rọ̀. Èyí máa ń fẹ́lẹ́ bí òwú nígbà tó bá ń bọ́. Ṣùgbọ́n tí oòrùn bá yọ́ ọ díẹ̀ lọ́sàn-án, tí òtútù òru tún mú un, á le, á sì máa yọ̀ bíi táìlì tí wọ́n da omi ọṣẹ sí. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi síkì yọ̀ bọ̀ láti orí òkè. Síkì ni pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì yẹn, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀, imú rẹ̀ ká sókè bí imú ọkọ̀ ojú omi. Igi ni wọ́n fi ń ṣe é láyé àtijọ́, kódà nínú èdè àtijọ́ àwọn ará Norway, tó ti wọn wá, igi tí a là ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn. Bàtà rẹ̀ le gan-an, ó ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní téèyàn bá wọ̀ ọ́, bíi róbọ́ọ̀tì ló máa rìn. Wọ́n á fi bàtà náà há sára síkì. Ohun tó há a mọ́ ọn á tú fúnra rẹ̀ téèyàn bá ṣubú dáadáa, kí orúnkún má bàa yí, torí pé orúnkún ni eré yìí máa ń bà jẹ́ jù lára èèyàn.

Síkì ò ní bíréèkì o. Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ ń kọ́ ẹni tuntun láti dúró ni pé kó ti gìgísẹ̀ méjèèjì síta, kí imú síkì méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra níwájú, bí òrùlé ilé. Àwọn ọmọdé ń pè é ní písà, torí pé ó jọ ègé písà kan. Tó bá fẹ́ yà sósì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló máa tẹ̀ mọ́lẹ̀. Tó bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ òsì. Ó dà bíi pé wọ́n yí nǹkan po mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Èyí tó wá burú jù ni pé téèyàn bá ń bẹ̀rù, ara á fẹ́ fà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ tí ara bá ti fà sẹ́yìn, síkì ò ní gbọ́ràn mọ́, eré ló máa sá. Ìbẹ̀rù fúnra rẹ̀ ló ń fi kún eré. Nítorí náà, kí ọ̀rẹ́ dúró nísàlẹ̀ kó máa pariwo pé "Má bẹ̀rù!", kí ló fẹ́ ṣe fún ẹni tó wà lókè?

Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n ń lọ ní London. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n máa ń ní láàárín táàmù, ní oṣù Kejì, ni wọ́n fi lọ, bàbá àti màmá ọ̀kan nínú wọn ló kó wọn lọ. Wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú dé Geneva, wọ́n sì wọ bọ́ọ̀sì láti ibẹ̀ gun òkè Alps lọ sí ẹ̀gbẹ́ ti ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní gbogbo Saturday fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó rí owó rẹ̀ san. Àwọn márùn-ún ò tíì fi ẹsẹ̀ kan síkì rí. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló ti lọ, ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n sanwó olùkọ́ fún àárọ̀ ọjọ́ márùn-ún.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ dùn. Olùkọ́ wọn wọ aṣọ pupa, ó kó wọn sí ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré kan tí kápẹ́ẹ̀tì tó ń rìn fúnra rẹ̀ ń gbé wọn gòkè, tí wọ́n á sì yọ̀ padà wálẹ̀. Àwọn yòókù tètè mọ písà wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ò tètè mọ̀ ọ́n. Ó ní òun ṣubú títí, àwọn ọmọ tí ò ju ọdún mẹ́rin lọ ń kọjá lára òun, wọ́n ń wo òun bí ẹni ń wo mọ́tò tó bàjẹ́ lójú títì.

Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọmọkùnrin tó ti lọ rí yẹn ní kí làwọn tún ń ṣe láàárín àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, òun á kọ́ wọn fúnra òun. Ní ilẹ̀ Faransé, àwọ̀ ni wọ́n fi ń sàmì sí ojú ọ̀nà: àwọ̀ ewé fún ẹni tuntun, búlúù tẹ̀ lé e, pupa le ju ìyẹn lọ, dúdú wà fún àwọn tó ti gbówọ́. Ó ní kí wọ́n lọ sórí búlúù, lókè lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n máa lọ, òun á dúró síbi kápẹ́ẹ̀tì, òun ò tíì lè dúró dáadáa. Wọ́n ní, "Àwa mẹ́fà la wá, àwa mẹ́fà la máa ya fọ́tò lókè." Ó bá wọn lọ. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú un, kò sẹ́ni tó bú u. Gbólóhùn kan péré ni. Ṣé ẹ̀yin náà ò mọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ni?

Àga tó ń rìn lórí wáyà ló gbé wọn. Àga yẹn kì í dúró de èèyàn, á gbá ọ lẹ́yìn orúnkún, o ti jókòó nìyẹn. Tó bá dé òkè, o gbọ́dọ̀ dìde kí o yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ kíá. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ ṣubú, tí wọ́n fi dá ẹ̀rọ dúró nítorí rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń wò ó. Ìkùukùu sì ti bolẹ̀. Ó ní ojú ọ̀run funfun, ilẹ̀ funfun, èèyàn ò mọ ibi tí ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀ àyàfi tí ẹsẹ̀ bá débẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò. Ọ̀nà náà kọ́kọ́ tẹ́jú, lẹ́yìn náà ló ṣẹ́ kọ́nà, tó sì dà wálẹ̀ gan-an. Àwọn márùn-ún kọjá níbẹ̀, àwọn kan ṣubú, wọ́n dìde. Òun wò ó, ó rí i pé písà tóun mọ̀ ò lè dá òun dúró níbẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n ká fídíò. Wọ́n wá ké sí i pé àwọn ń dúró dè é nísàlẹ̀, wọ́n sì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí pé ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ wà. Tí a bá ń rìn nílẹ̀, tí ẹnì kan kù lẹ́yìn, a lè padà lọ pè é. Lórí síkì, ẹni tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Kò lè kàn yí padà kó máa gun òkè lọ bá ẹnì kejì. Nítorí náà, ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ló yẹ kó wà lẹ́yìn pátápátá, kó lè rí gbogbo èèyàn níwájú rẹ̀, kó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó bá ṣubú. Ọmọkùnrin tó pe ara rẹ̀ ní tíṣà yẹn ló ṣáájú. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rárá ni wọ́n fi sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọ̀rẹ́ kọ́ ló yẹ kó kọ́ ọ̀rẹ́. Mímọ nǹkan ṣe yàtọ̀ sí mímọ ibi tó yẹ kéèyàn dúró sí kó lè ran ẹlòmíì lọ́wọ́. Olùkọ́ aláṣọ pupa mọ èyí, wọ́n sì ti sanwó fún un!

Nísàlẹ̀, òtútù mú wọn. Mẹ́ta wọ ilé oúnjẹ kan, wọ́n mu ṣokoléètì gbígbóná, méjì lọ síbòmíì. Àwọn mẹ́ta rò pé ó wà lọ́dọ̀ àwọn méjì, àwọn méjì rò pé ó wà lọ́dọ̀ àwọn mẹ́ta. Òtútù ti pa bátìrì fóònù rẹ̀. Ó bọ́ síkì, ó gbé e lé èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàtà róbọ́ọ̀tì yẹn rìn wálẹ̀ létí ọ̀nà, ní díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ó rí i pé àga orí wáyà ti dúró, kò sẹ́ni tó ń kọjá mọ́. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ba òun lẹ́rù ju ọ̀nà lọ. Ọlọ́run ṣe é, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ, àwọn òṣìṣẹ́ òkè máa ń yẹ gbogbo ọ̀nà wò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀kan nínú wọn ló rí i. Ó gbé e wálẹ̀. Ó bi í pé àwọn wo ló bá wá, níbo ni wọ́n wà. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò rí èsì fún un.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi orin sí fídíò náà, tí wọ́n jù ú sórí WhatsApp. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ló fi dé fóònù tèmi.

Àwọn àgbà wa ní ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹ ni. Àwọn wọ̀nyí pọ̀ lóòótọ́, nínú fọ́tò.

Nígbà tí mo ròyìn èyí fún àwọn kan ní kíláàsì, oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ló jáde. Ọ̀kan ní kí ló tiẹ̀ gbé èèyàn dúdú dé inú òjò dídì. Ọ̀rọ̀ yẹn kò dùn mọ́ mi nínú. Lesotho wà ní Áfíríkà, òjò dídì ń bọ́ lórí òkè wọn láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe síkì, Afriski ni wọ́n ń pè é. Samuel Ikpefan ṣe síkì fún Nàìjíríà wa níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní Beijing lọ́dún 2022. Ọmọ Ghana kan náà wà, Kwame Nkrumah-Acheampong. Ó ti dàgbà kó tó bẹ̀rẹ̀, nínú ilé ńlá kan tí wọ́n kó òjò dídì sí ní Milton Keynes ní ìlú òyìnbó, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2010, ó ṣojú Ghana ní Vancouver, ó ṣe ipò 47. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ni ò parí eré náà rárá. Ẹ ò rí i pé inú ilé tí wọ́n mú òjò dídì rẹ̀ tẹ́jú ni ẹni tó dé Òlíńpíìkì ti kọ́kọ́ kọ́ ọ.

Ẹlòmíì sọ ohun tó gbé mi nínú díẹ̀. Ó ní owó ni gbogbo wọn san, owó yíyá síkì, owó àga orí wáyà, owó ilé, ṣé kí àwọn tó yára wá dúró ti ẹni tó lọ́ra fún odindi ọ̀sẹ̀ kan ni? Òótọ́ ni. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pàápàá ò sọ bẹ́ẹ̀, ṣebí òun ló ní kí wọ́n máa lọ! Kí wọ́n pínyà, kò sọ́rọ̀ ńbẹ̀. Kí wọ́n sọ pé ní aago mẹ́rin, ní ibi báyìí, gbogbo wa á pàdé, ẹni tó bá sì pẹ́, a ó wá a. Ohun tí mo kọ̀ ni pé kí wọ́n fa èèyàn lọ síbi tó ti sọ pé òun ò lè dé nítorí fọ́tò, kí wọ́n sì wá fi í sílẹ̀ níbẹ̀ nítorí eré. Ẹ mú ọ̀kan: tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ wà pọ̀, ẹ dúró síbi tí ẹni tó lọ́ra jù lè dé. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ sáré, ẹ jẹ́ kó jókòó síbi kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní àlàáfíà.

Ẹnì kẹta ní tí wọn ò bá tì í, kò ní kọ́ ọ láé. FIS, àjọ tó ń darí eré síkì lágbàáyé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Chamonix nílẹ̀ Faransé lọ́dún 1924, ní òfin ìwà 10 fún gbogbo ẹni tó bá wà lórí òkè. Ìkejì sọ pé kí kálukú máa lo eré tí agbára rẹ̀ gbé, kó sì wo bí ilẹ̀, òjò dídì, ojú ọjọ́ àti èrò ṣe rí. Òmíràn sọ pé tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ó pọn dandan fún gbogbo èèyàn láti ṣèrànwọ́. Nínú àwọn mẹ́fà yìí, ta ló pa ìkejì yẹn mọ́? Ẹni tó wo agbára rẹ̀, tó wo ilẹ̀, tó wo ìkùukùu, tó sì jókòó. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ bó ṣe kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kẹrin, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún olùkọ́. Olùkọ́ náà kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ yọ̀: kó dúró ní ìbú òkè, kí etí síkì wọ inú òjò dídì, kó wá máa dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kó lè máa yọ̀ wálẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Èèyàn lè fi sọ̀ kalẹ̀ níbi tó dà gan-an láìkọjú sísàlẹ̀. Tó bá ti mọ èyí lọ́jọ́ kẹta ni, ì bá má sunkún. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí búlúù, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ká ìyẹn sílẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí máa dùn mí ni Ìdànrè. Ẹ̀yin tí a jọ lọ lọ́dún tó kọjá ẹ ó rántí àtẹ̀gùn yẹn, ó lé ní 600. Èmi wà lára àwọn tó ń sáré níwájú. Ọmọ kíláàsì wa kan (ó mọ ara rẹ̀) ní kí a jẹ́ kóun jókòó síbi ìsinmi kejì, a máa bá òun níbẹ̀ tí a bá ń bọ̀. Èmi ni mo sọ pé "Obìnrin ni ọ́?" Ó dìde, ó bá wa gùn ún, ó sì bì kó tó dé òkè. A rẹ́rìn-ín. Tíṣà wa ọkùnrin tó lágbára jù, tó ń gbá bọ́ọ̀lù, òun ló rìn kẹ́yìn pátápátá lọ́jọ́ yẹn, òun ló di ọmọ náà mú. Mo rò nígbà náà pé ó ti rẹ tíṣà ni.

Ọ̀rẹ́ mi, mo bẹ̀ ọ́, má bínú.

Ní ti fídíò, mo ti pa á rẹ́ lórí fóònù mi. Àwọn mẹ́rìnlá ni mo fi ránṣẹ́ sí, mo ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Mo ń bọ̀ wá bá yín lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn géètì, ẹ̀yin náà ẹ sọ àwọn tí ẹ fi ránṣẹ́ sí fún mi. Ìyá oníbúrẹ́dì ti pa tiwọn rẹ́. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí ẹ̀gbọ́n mi.